Omi Inú Àpótí

Ẹ má bi mí pé níbo ni mo ti rí àpótí yìí.
Ilé ìkẹ́rùsí ìjọ kan ní Ajárá ni,
lábẹ́ àga mẹ́ta tó ti kán lẹ́sẹ̀.
Eku ti bímọ sínú sípíkà rẹ̀.
Sẹ́tọ́njí ní ọ̀kẹ́ kan ni òun máa gbà;
mo fún un ní ẹgbẹ̀rún méjìlá, mo fi ẹja yíyan lé e.

Mo tú u palẹ̀ lórí ẹní.
Gílóòbù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kú.
Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú páànù pẹlẹbẹ kan,
sípíríńgì mẹ́ta na ara wọn gbọọrọ
bí ìyá àti ọmọ méjì tó sùn sórí ibùsùn kan.
Mo fi ìka kan ọ̀kan.
Gbogbo wọn jí.

Ohùn kan ni mò ń wá.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Hunsù, tó bá ọkọ̀ òkun rìn,
ló gbé àwo orin kan dé tí kò ní páálí mọ́.
Kò sí ẹni tó kọrin nínú rẹ̀.
Gìtá nìkan ni, ó ń sáré,
ó tutù, ó ń kán tó, tó, tó,
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òkun jáde
tí kò tíì nura.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Aṣọ mi gbẹ,
ṣùgbọ́n mo ń gbọ̀n.

Mo kọ́kọ́ gbé sípíkà sẹ́nu kànga ilé wa:
kànga dá mi lóhùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.
Mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù òfìfo:
ó dún bí kòkòrò nínú agolo.
Mo ra àpótí kékeré tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀,
tó mọ ohùn gbọ̀ngàn, tó mọ ohùn ihò àpáta.
Ó mọ̀ wọ́n lóòótọ́,
bí ayékòótọ́ ṣe mọ orúkọ onílé.

Mo padà sídìí àlòkù mi.
Mo ra gílóòbù ní Aláàbà,
mo fi lẹ́ẹ̀dì jó ìka ara mi lẹ́ẹ̀mejì.
Okùn gìtá tín-ín-rín kò lè gbé omi;
mo fi èyí tó nípọn sí i, ó ya mí lọ́wọ́.
Mo gbé ọwọ́ lọ sí ìdí afárá, níbi tí okùn ti le,
mo ń ta á lókè, nísàlẹ̀, lókè, nísàlẹ̀,
bí ẹni tó ń họ ìpẹ́ ẹja kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ohùn lọ sókè. Kò ya. Ó mọ́.
Ó ṣì gbẹ.

Mo wọ ọkọ̀ Pọ̀sù sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹrẹfu.
Mo jókòó sábẹ́ àgbọn, mo dijú.
Òkun kò pariwo tó bí mo ṣe rò.
Ó dìde, ó dákẹ́ (ìdákẹ́ yẹn!)
kó tó wó lulẹ̀, gbì,
kó tó máa fa iyanrìn padà, ṣàà, ṣàà,
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.
Pọ̀sù ní, "Ṣé o fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ni?"
Mo ní rárá, ìdákẹ́ ni mo wá rà.

Aago kan òru ni wọ́n mú iná dé.
Mo yí bọ́tìnì sípíríńgì kọjá ìdajì.
Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tẹ okùn, mo ta á lẹ́ẹ̀kan,
mo dúró.
Mo tún dúró díẹ̀.
Mo wá jẹ́ kó wó.

Ilẹ̀kùn ìyá Mautin ṣí gbàà ní òdìkejì ọgbà.
Ó sáré jáde lẹ́sẹ̀ lásán,
ó ń kó agbọ̀n ẹja rẹ̀ kúrò nílẹ̀,
ó ń pe ọmọ: "Mautin, dìde! Omi ti wọlé!"

Mo pa àpótí náà. N kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́.
Sípíríńgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń gbọ̀n, wọn kì í tètè sùn.
Obìnrin náà dúró lágbàlá,
ó na ẹsẹ̀ kan, ó fi kan ilẹ̀ wò.
Ilẹ̀ gbẹ.
Ó tún fi kàn án wò.